Bí Rẹ̀mílẹ́kún Ṣe Bẹ Ológbò Pé Kó Má Lọ

Kò sí ẹni tó bẹ̀rù ológbò ní gbogbo Suwanee, lẹ́bàá Atlanta ní Amẹ́ríkà, tó Rẹ̀mílẹ́kún Dáramọ́lá. Obìnrin tó ti ń fi abẹ́rẹ́ gún èèyàn láti ọdún gbọ́nhan, tó ń dá gbé bàbá arúgbó tó tóbi bí kọ́bọ́ọ̀dù láti orí bẹ́ẹ̀dì sórí àga, tí dókítà gan-an kì í lè wò lójú bó bá ti fajú ro, òun kan náà ni ológbò kékeré kan máa sáré kọjá níwájú ọkọ̀ rẹ̀ ní Pleasant Hill Road, tí yóò sì fi ẹ̀jẹ̀ Jésù bo mọ́tò náà láti bọ́ńẹ́ẹ̀tì dé búùtù. Lọ́jọ́ kan, ó fi bo mọ́tò tó wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú, torí pé ẹni tó ń wà á sún mọ́ ọn jù.

Ẹ wá wo irú ìjọ̀gbọ̀n tó dé bá a nígbà tí ológbò fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá sílé rẹ̀. Òwúrọ̀ kan ni, nínú oṣù Kejìlá. Rẹ̀mílẹ́kún ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, láti ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Duluth tó ti ń ṣe nọ́ọ̀sì. Ó gbé àpò ìdọ̀tí gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Bó ṣe ní kí òun máa sọ̀ kalẹ̀ lórí deck, ìyẹn pèpéle onípákó tó yọ lẹ́yìn gbogbo ilé àdúgbò yẹn bí ìdí àkùkọ, ó rí ojú méjì lábẹ́ rẹ̀ tó ń wò ó, bí ojú tíṣà tó ń dúró de ọmọ tó pẹ́ dé ilé ìwé.

Rẹ̀mílẹ́kún ju àpò sílẹ̀, ó gbàdúrà. Ẹni tó bá mọ àdúrà Rẹ̀mílẹ́kún mọ̀ pé kì í ṣe èyí tí èèyàn ń dúró gbọ́. Àwọn ẹyẹ tó wà lórí igi lọ́jọ́ náà ti fò dé Alabama kí wọ́n tó rántí pé àwọn kọ́ ni wọ́n ń bá wí. Ológbò náà la ẹnu, ó fi gbogbo eyín rẹ̀ hàn án títí dé ọ̀fun, ó sì pa ẹnu dé padà. Ó yán ni.

Ibi tó ti ń yán yìí ló ti yí orí díẹ̀, ni ìmọ́lẹ̀ bá bọ́ sára etí rẹ̀ òsì. Ṣóńṣó etí náà kò sí níbẹ̀. Wọ́n ti gé e lọ gbọnrangandan, bí ìgbà tí télọ̀ fi sísọ́ọ̀sì gé ẹnu aṣọ.

Àdúrà gbẹ mọ́ Rẹ̀mílẹ́kún lẹ́nu.

Ẹni tí wọ́n bí sílé Yorùbá kì í bi ẹnikẹ́ni léèrè ohun tí wọ́n ń gé etí ọmọ fún. Ìyá Rẹ̀mílẹ́kún ní Ìkirè bímọ, ọmọ náà kú. Ó tún bí, ìyẹn náà kú. Èyí tó kú gbẹ̀yìn ni wọ́n gé létí kí wọ́n tó sin ín, pé bó bá tún padà dé, kí wọ́n lè dá a mọ̀, kí wọ́n sì sọ fún un pé àṣírí ti tú. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n bí Rẹ̀mílẹ́kún, etí rẹ̀ méjèèjì pé pérépéré, wọ́n sì fún un lórúkọ tí ń nu omijé. Ó kàwé, ó gba ìwé ẹ̀rí nọ́ọ̀sì n'Íbàdàn, ó tún gba òmíràn ní Georgia, ó fi méjèèjì kọ́ sára ògiri. Ó mọ̀ dájú pé àìsàn inú ẹ̀jẹ̀ ni, pé ibà ni, pé kò sí nǹkan kan tó ń jẹ́ àbíkú. Ṣùgbọ́n ìwé wà lára ògiri, ológbò wà lábẹ́ deck.

"Ó ti wá rí," ó wí fún ara rẹ̀. "Ẹnì kan ti sunkún ẹ̀ rí, ó gé e létí. Ó tún ti dé. Ó sì mọ̀ọ́mọ̀ mú àsìkò òtútù, kó lè rí nǹkan fi ṣe àwáwí."

Ìbẹ̀rù tó ti wà lọ́kàn rẹ̀ láti kékeré kó ẹrù, ó jáde. Ohun tó wọlé rọ́pò rẹ̀ ni ìbínú, irú èyí tí ìyá máa ń bí sí ọmọ tó ń sáré sí etí kànga. Ó bẹ̀rẹ̀, ó nàka sí ológbò náà.

"Ìwọ yìí, o ò ní kú. O ò ní kú mọ́ mi lọ́wọ́ nínú òtútù yìí. Mo ti dá ẹ mọ̀."

Ọkọ rẹ̀, Adégbénró, jẹ́ oníṣirò ní ọ́fíìsì kan, ó sì jẹ́ díkìnnì nínú ìjọ wọn. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ṣùgbọ́n ohun kan wà tó ń bẹ̀rù ju ọ̀run àpáàdì lọ: ohun tí àwọn ará ìjọ máa sọ. Ilé wọn ni àwọn ará ti máa ń pàdé fún àdúrà ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Faith, ọmọ wọn kan ṣoṣo, ti ní ilé tirẹ̀, kò tún sí ẹlòmíràn tó lè bá wọn dá sí ọ̀rọ̀ yìí, ló bá di ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì nídìí tíì.

"Mummy Faith," Adégbénró wí, nígbà tó gbọ́ ìròyìn náà tán. "Ológbò."

"Ológbò ni, Daddy."

"Lẹ́yìnkùlé díkìnnì."

"Kò mọ̀ pé díkìnnì ni yín. Kò tíì dé ṣọ́ọ̀ṣì wa rí."

"Bí Bùrọ́dà Adédayọ̀ bá rí i ńkọ́? Ọkùnrin tó gbààwẹ̀ torí pé òwìwí ké létí fèrèsé ẹ̀?"

"Ẹ jẹ́ kó gbà á sí i. Ikùn ẹ̀ ń béèrè fún un."

Adégbénró gbé kọ́ọ̀bù tíì sílẹ̀. "Kò ní wọ inú ilé mi."

"Mi ò sọ pé kó wọlé. Mo ní kò ní kú."

"Kò gbọdọ̀ fi èékánná kan kápẹ́ẹ̀tì mi."

"Kápẹ́ẹ̀tì tó ti gbó yẹn," Rẹ̀mílẹ́kún wí. "Ológbò tó bá mọyì ara ẹ̀ ò ní débẹ̀."

Bí wọ́n ṣe fẹnu kò nìyẹn: ológbò yóò wà láàyè, ṣùgbọ́n ìta ni yóò ti máa wà.

Oúnjẹ àkọ́kọ́ tí Rẹ̀mílẹ́kún gbé fún un ni ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù, pẹ̀lú itan adìẹ tó fi ọbẹ̀ ata bò mọ́lẹ̀. Ó rò pé bí wọ́n ṣe ń ṣe àlejò nìyẹn. Ológbò náà gbóòórùn rẹ̀, ó lá a díẹ̀, ó sì dúró gbagidi bí ẹni tí adájọ́ pe orúkọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá sín. Ó sín, ó sín, títí tí gbogbo ajá àdúgbò fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbó láti bá a kẹ́dùn. Ó gba abẹ́ ọgbà kọjá bí ọta ìbọn, kò sì sí ẹni tó rí i mọ́ títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi ṣú. Rẹ̀mílẹ́kún kò lè jẹun.

"Mo ti pa á," ó ń wí kiri inú ilé. "Ẹni tó ti ń wá ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ, èmi ni mo lọ fi ata rodo ṣe mọ́tò fún un."

Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ tún mọ́, ojú méjì náà ti padà sábẹ́ deck, wọ́n sì wo Rẹ̀mílẹ́kún pẹ̀lú ẹ̀gàn tó jinlẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti ń lọ ra ẹja Títọ́ọ̀sì ní ilé ìtajà ńlá kan ní Duluth, ó ń bọ̀ ọ́ láìsí iyọ̀, láìsí ata, láìsí àlùbọ́sà, ó sì ń ṣa egungun rẹ̀ bí ẹni ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọ ọba. Adégbénró á wo abọ́ ológbò, á wo abọ́ tirẹ̀ tí ẹ̀bà àná tí wọ́n gbé sínú máíkíróweefù ti dì sí. Á kàn mí kanlẹ̀ bíi rélùwéè.

Oúnjẹ nìkan kì í dá àbíkú dúró, ọ̀rọ̀ ẹnu ni. Wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró, wọ́n sì ń bú u kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́run lè gbọ́, kí wọ́n sọ pé irú ẹni tó rí báyìí, kó kúkú jókòó sọ́hùn-ún. Rẹ̀mílẹ́kún kò mọ èyí tí yóò ran ti Amẹ́ríkà, ló bá ń ṣe méjèèjì pọ̀. Láràárọ̀, bó bá ti ibi iṣẹ́ dé tàbí bó bá ń múra àtilọ, á jókòó sórí àtẹ̀gùn deck nínú kóòtù tó wú bíi búrẹ́dì, á máa sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń rẹ ọmọ tó ń hu eyín.

"Kòsọ́kọ́, o jí? Kò sí ọkọ́ nílé yìí o, ṣọ́bìrì Díkìnnì gan-an ti ṣẹ́. Kò sí ohun tí wọ́n máa fi gbẹ́lẹ̀ fún ẹ. Ààtàn, wo ojú ẹ bí aṣọ ìnulẹ̀. Kúkọ̀yí, ta ló máa gbé ẹ? Ikú kọ̀ ẹ́, ajá kọ̀ ẹ́, Díkìnnì kọ̀ ẹ́. Èmi nìkan ni mo gbà ẹ́. Málọmọ́, jẹ ẹja ẹ."

Ológbò náà kò gbọ́ Yorùbá. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń fi irú ohùn bẹ́ẹ̀ bú èèyàn lójoojúmọ́, tí ẹja sì ń tẹ̀ lé e, kò ní pẹ́ tí yóò fi mọ̀ pé wọ́n fẹ́ràn òun. Ojú nìkan ló kọ́kọ́ ń hàn. Nígbà tó yá, imú yọ. Kí Kérésì tó kọjá, ó ti ń jókòó sí ìdí àtẹ̀gùn, ìrù rẹ̀ ká ẹsẹ̀, ó ń retí èébú òwúrọ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí Rẹ̀mílẹ́kún pẹ́ dé, ó bá a lẹ́nu ọ̀nà ọgbà tó ń ké mọ́ ọn bí ìyá ọkọ. Ẹni tí ẹ̀rù ológbò ti ń bà láti kékeré dúró níbẹ̀, ó ń bẹ ológbò: "Má bínú, súnkẹẹrẹ ọkọ̀ ni."

Ṣùgbọ́n ọwọ́ kò kàn án o. Bí Rẹ̀mílẹ́kún bá na ìka kan péré, ẹranko náà á ti dé ìlú kejì kí ìka tó tán ní nínà. Èyí ló ń dùn ún. Òtútù ńlá ṣì ń bọ̀ lóṣù Kínní, ó sì mọ̀ pé ọjọ́ tó bá dé, abẹ́ deck kò ní gbà á. Ọmọ tí kò jẹ́ kí wọ́n gbé òun, báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ gbé e sá fún òtútù?

Obìnrin àgbàlagbà kan tó ń jẹ́ Clara ń gbé nílé kejì. Rẹ̀mílẹ́kún ń pè é ní Mama Clara, ó sì máa ń tẹ orúnkún díẹ̀ bó bá ń kí i. Clara rò pé orúnkún ló ń dùn ún, ó sì ti fún un ní òògùn ìpara títí ó fi sú u. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Clara yọjú lórí ọgbà, ó rí i tó ń fi ògbólógbòó ìró Àǹkárá tẹ́ ibùsùn sábẹ́ deck.

"Aṣọ yẹn máa fa omi," Clara wí fún un. "Á sì dì. Koríko gbígbẹ lẹ máa fi sí i."

Nígbà tó máa padà wá, ó gbé àpótí oníke kan dání tó dá ihò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́, tó sì kún fún koríko gbígbẹ. Àwọn méjèèjì tì í sábẹ́ deck, síbi tí omi kò lè dé. Adégbénró wò wọ́n láti ojú fèrèsé, ó ṣílẹ̀kùn.

"Koríko?" ó wí. "Gbogbo ìkẹ́ yìí, orí koríko ló máa wá sùn?"

"Ibo ni wọ́n tẹ́ Jésù sí?" Rẹ̀mílẹ́kún dá a lóhùn. "Orí mátírẹ́ẹ̀sì?"

Díkìnnì pa ilẹ̀kùn dé.

Ibẹ̀ ni Rẹ̀mílẹ́kún ti béèrè ọ̀rọ̀ etí lọ́wọ́ Clara, ó rọra béèrè, bí ẹni ń béèrè àṣírí ìdílé. Clara rẹ́rìn-ín. Ó ní dókítà ẹran ló gé e. Ó ní wọ́n máa ń mú àwọn ológbò ìgboro, wọn á ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn kí wọ́n má bímọ mọ́, wọn á sì dá wọn padà síbi tí wọ́n ti mú wọn. Wọ́n ń gé etí wọn pé bó bá tún padà bọ́ sí àwọn lọ́wọ́, kí àwọn lè mọ̀ pé ó ti wá rí.

"Kí wọ́n lè mọ̀ pé ó ti wá rí," Rẹ̀mílẹ́kún wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Mama Clara, ohun tí mo ti ń sọ bọ̀ nìyẹn."

Ó wọlé lọ bá ọkọ rẹ̀ pẹ̀lú ayọ̀ ẹni tó jàre ẹjọ́. "Daddy, àwọn òyìnbó náà ń ṣe é. Wọ́n kàn fi dókítà sí i ni."

Ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kínní ni tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í kéde pé òjò dídì ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹ̀yin tí ẹ ò gbé Atlanta rí, ẹ ò lè mọ ohun tí irú ìkéde yẹn máa ń ṣe fún wa. Búrẹ́dì tán nílé ìtajà, mílíìkì tán, ẹyin di ohun àdúrà. Wọ́n ní ọkùnrin kan ní Austell ra búrẹ́dì débi pé kò rí ibi sùn sí mọ́, ó fi méjì ṣe ìrọ̀rí.

Shift ọ̀sán ló kan Rẹ̀mílẹ́kún lọ́jọ́ Ẹtì náà. Kó tó jáde, ó ki ọkọ rẹ̀ nílọ̀. "Daddy, ẹ má fọwọ́ kan àpótí yẹn."

Adégbénró ní kí ni òun fẹ́ fọwọ́ kan àpótí ṣe.

Ọkọ̀ rẹ̀ kò tíì yọ lójú títì tí Adégbénró ti fọwọ́ kan àpótí. Kì í ṣe ìkà rárá. Ó kàn rò pé àwọn ará ń bọ̀ wá gbàdúrà nírọ̀lẹ́ ni, Bùrọ́dà Adédayọ̀ sì máa ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé torí ó fẹ́ mọ ohun tí wọ́n sè. Ó wọ́ àpótí náà jáde lábẹ́ deck, ó gbé e sẹ́yìn garawa ìdọ̀tí, ó sì dá a dúró kí ihò rẹ̀ kọjú sókè, kí ẹni tó bá rí i lè rò pé àpótí lásán ni. Iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n, lójú tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wọlé lọ jókòó sídìí ìṣirò rẹ̀, ó gbàgbé.

Ní ọ̀sán, òjò bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́rin, òjò náà ti ń dì bó ṣe ń kan ilẹ̀, títì ń dán bíi gíláàsì, mọ́tò sì ń yọ̀ ní Pleasant Hill Road bí ọṣẹ nínú báfù. Òtútù yẹn lè mú kí irọ́ dì sẹ́nu onírọ́. Wọ́n sọ fún Rẹ̀mílẹ́kún níbi iṣẹ́ pé kó má ronú àtilọ sílé lónìí, àwọn tó fẹ́ wá gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kò lè wá. Àwọn ará ìjọ náà ránṣẹ́ pé orí Zoom làwọn máa ti gbàdúrà. Adégbénró gbé kọ̀ǹpútà sórí tábìlì ìjẹun, ó pa àwòrán ara rẹ̀, Bùrọ́dà Adédayọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ àdúrà ìbẹ̀rẹ̀, èyí tó máa ń gùn ju àdúrà ìparí lọ.

Ni fóònù bá dún. Rẹ̀mílẹ́kún ni.

"Daddy, ṣé ó wà nínú àpótí ẹ̀?"

"Àpótí," Adégbénró wí. "Àpótí wà."

"Mi ò bi yín bóyá àpótí wà."

"Mo kàn sún un díẹ̀ ni."

"Ẹ sún un dé ibo?"

"Ẹ̀yìn garawa ìdọ̀tí."

"Ihò ẹ̀ kọjú síbo?"

Adégbénró wo ojú fèrèsé, níbi tí òjò ti ń rọ̀. "Òkè."

Rẹ̀mílẹ́kún kò pariwo. Ọkọ tó bá ti pẹ́ lẹ́nu ìgbéyàwó mọ̀ pé èyí burú ju ariwo lọ.

"Daddy," ó wá wí, ohùn rẹ̀ tín-ín-rín, "bí Málọmọ́ bá kú, ẹ̀yin lẹ máa gé e létí kejì."

Adégbénró sá jáde pẹ̀lú sílípáàsì lẹ́sẹ̀. Omi yìnyín ti kún àpótí bámú, koríko ń léfòó lórí rẹ̀ bí ẹ̀fọ́. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ dídì láti wo abẹ́ deck. Ológbò náà wà níbẹ̀, ó ká jọ mọ́ òpó kan, irun rẹ̀ tutù ó lẹ̀ mọ́ ara, ó sì kéré ju bí wọ́n ṣe rò lọ, kò ju ìkúùkù méjì lọ. Ó ń gbọ̀n. Ojú rẹ̀ ti fẹ́ pa dé. Nígbà tí Díkìnnì na ọwọ́, ó fà sẹ́yìn síbi tó tutù jù.

Adégbénró dìde nílẹ̀. Ó padà wọlé, ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn gbayawu kí ooru inú ilé lè máa jáde sí i, ó kúnlẹ̀, ó ṣí ohùn fóònù sókè, ó gbé e sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Mo ti gbé ẹ síbẹ̀," ó wí. "Pè é."

"Ẹ̀yin náà ẹ pè é," Rẹ̀mílẹ́kún wí láti inú fóònù. "Ẹ̀yin lẹ lé e. Ó gbọ́dọ̀ gbọ́ lẹ́nu yín pé ẹ gbà á."

"Kí n pè é ní kí ni?"

"Orúkọ ẹ̀."

"Èwo nínú wọn?"

"Gbogbo ẹ̀."

Bí Díkìnnì Adégbénró Dáramọ́lá ṣe gbé ohùn sókè nìyẹn, lórí ìkúnlẹ̀, nínú atẹ́gùn òtútù. "Málọmọ́. Jọ̀ọ́, má lọ. Kúkọ̀yí, mo gbà ẹ́. Dúrójayé, wọlé wá, mi ò ní sọ̀rọ̀ kápẹ́ẹ̀tì mọ́ láéláé. Mo bẹ̀ ẹ́, má kú lónìí."

Lẹ́yìn rẹ̀, lórí tábìlì, àdúrà Bùrọ́dà Adédayọ̀ dáwọ́ dúró ní àárín gbólóhùn.

"Díkìnnì sà?"

Adégbénró yíjú padà. Ó rántí pé àwòrán nìkan lòun pa. Òun kò pa ohùn.

"Díkìnnì sà, ta ló ń kú lọ nílé yín?"

"Kò sẹ́nì kankan, Bùrọ́dà."

"A ń gbọ́ tí ẹ ń pe àbíkú."

Gbogbo ojú inú kọ̀ǹpútà náà là sílẹ̀ kalẹ̀. Adégbénró wá irọ́ kan lọ sókè, wá a lọ sísàlẹ̀, kò rí.

"Ológbò ni," ó wí.

Ìdákẹ́ tó tẹ̀ lé e gùn tó láti fi gbin àgbàdo kó sì hù. Ẹni tó dá a dúró ni Mummy Ìbùkúnolúwa, àgbà obìnrin nínú àwọn ará náà, ẹni tí wọ́n ní bó bá gbàdúrà ní Gwinnett, àgbègbè tí Suwanee wà, àwọn ẹ̀mí èṣù máa ń kó lọ sí Florida. Adégbénró di orí mú, ó ń retí kí iná sọ̀ kalẹ̀.

"Díkìnnì," Mummy Ìbùkúnolúwa wí. "Ṣé wọ́n gé e létí?"

"Wọ́n gé e, mà."

"Ẹ fi ìdí jókòó sílẹ̀. Èèyàn kì í ga gàgàrà bẹ àbíkú, á rò pé ẹ fẹ́ na òun ni."

Díkìnnì jókòó.

"Mà," Bùrọ́dà Adédayọ̀ wí, "ṣé kò yẹ ká kọ́kọ́ dè é ná, ká tó..."

"Bùrọ́dà, ààwẹ̀ òwìwí ṣì wà lọ́rùn yín. Ẹ sinmi. Díkìnnì, ẹ pè é ní Bánjókòó."

"Bánjókòó," Adégbénró wí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ẹni tó tò ó. Arábìnrin kan ní Dúróoríìkẹ́ ni wọ́n ń lò nílé tiwọn. Arákùnrin kan ní bàbá òun gan-an ń jẹ́ Káṣìmáawòó, pé ó sì ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Nọ́ọ̀sì, agbẹjọ́rò, oníṣòwò ilé, gbogbo àwọn tó ti kọ èṣù àti àwọn iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ké orúkọ àbíkú nínú kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan náà, bí ọjà tí màlúù já wọ̀. Ológbò náà, tó ti yọ imú lábẹ́ deck, tún fà á padà.

"Ẹ dákẹ́," Mummy Ìbùkúnolúwa wí, ilé mọ́kànlélógún sì dákẹ́ ní Gwinnett. "Gbogbo yín, ẹ pa ohùn yín. Ẹ jẹ́ kí ìyá ẹ̀ nìkan sọ̀rọ̀."

Ohùn Rẹ̀mílẹ́kún wá dá dún lẹ́nu ọ̀nà. Kò bẹ̀bẹ̀. Ó bú u bó ṣe máa ń bú u láràárọ̀, jẹ́jẹ́, bíi pé kò sí òjò, bíi pé òun jókòó sórí àtẹ̀gùn nínú kóòtù rẹ̀. "Ààtàn. Ojú ẹ bí aṣọ ìnulẹ̀. Ta ló máa gbé ẹ? Ta ló fẹ́ irú ẹ? Wá jẹun, olórí kunkun. Wá."

Ológbò náà yọ orí. Ó wo òjò. Ó gbé ẹsẹ̀ kan lé àtẹ̀gùn, ó gbọ̀n ọ́n, ó gbé èkejì. Ó ń wá ẹni tó ń bú òun. Kò rí i, ohùn nìkan ló ń gbọ́, ohùn náà sì wà lẹ́nu ọ̀nà tó gbóná. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó gbóòórùn fóònù, ó wo Díkìnnì, ẹni tí kò mí, tí kò ṣẹ́jú, tí òógùn ń bọ́ lára rẹ̀ nínú òtútù. Lẹ́yìn náà ló gbé gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó tutù, tó kún fún ẹrẹ̀, ó tò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan sórí kápẹ́ẹ̀tì.

Adégbénró na àtàǹpàkò ẹsẹ̀, ó rọra ti ilẹ̀kùn, ó sì sún abọ́ ẹja síwájú ológbò náà.

"Ó ti wọlé," ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Nínú fóònù, Rẹ̀mílẹ́kún ń fa imú.

"Ẹ jẹ́ ká gbé orin ọpẹ́," Bùrọ́dà Adédayọ̀ wí, ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sínú," Adégbénró wí. "Ó ń jẹun lọ́wọ́."

Oòrùn yọ lọ́jọ́ kejì, yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Rẹ̀mílẹ́kún wa mọ́tò láti Duluth dé Suwanee bí ẹni tó gbé ẹyin ka orí, ó sì wọlé láìbọ́ bàtà. Ó bá ọkọ rẹ̀ tó jókòó sílẹ̀ nínú ìyàrá ìgbàlejò, tó fẹ̀yìn ti àga ìjókòó dípò kó jókòó sórí rẹ̀, torí pé àga máa ń dún. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lórí ihò tí ooru ti ń jáde, súwẹ́tà rẹ̀ tó dára jù wà nílẹ̀, ológbò sì wà lórí súwẹ́tà. Ó ti gbẹ. Irun rẹ̀ tú yẹtuyẹtu, ó tóbi ní ìlọ́po méjì.

Rẹ̀mílẹ́kún rọra jókòó sílẹ̀. Kò na ọwọ́. Ó kàn gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lé orí itan ara rẹ̀.

Ológbò náà wò ó. Ó dìde, ó na ẹ̀yìn títí ó fi gùn bí ejò, ó rìn kọjá lára Díkìnnì láìkí i, ó sì wá fi orí gbá orúnkún Rẹ̀mílẹ́kún. Ó tún gbá a. Nígbà náà ni Rẹ̀mílẹ́kún gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn, ọwọ́ tó ti kan ẹ̀yìn aláìsàn ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Eegun ìhà ológbò náà tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹyọ ìgbálẹ̀. Lábẹ́ eegun náà, nǹkan kan ń kùn, ó ń kùn láìdáwọ́ dúró, bíi fìríìjì àtijọ́ tó pinnu pé òun kò ní bàjẹ́.

"Daddy," ó wí. "Ó gbóná."

"Mo mọ̀," Adégbénró dá a lóhùn. "Rọra máa mí. Kóòtù ẹ ń pariwo."

Rẹ̀mílẹ́kún kò bọ́ kóòtù náà. Ó jókòó síbẹ̀ nínú rẹ̀, òógùn bò ó, títí oòrùn fi kúrò lójú fèrèsé.